Adelé kì í ṣe igbákejì: bí a ṣe ń pe ẹni tí ó bá ẹlòmíràn di ipò mú

Ìwé ètò ayẹyẹ kan wà lọ́wọ́ mi títí di òní, tí ẹgbẹ́ kan tẹ̀ fún àjọ̀dún wọn. Alága ẹgbẹ́ náà wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Òun gan-an ni ó jókòó sí àárín tábìlì àwọn àgbà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ “Igbákejì Alága”, “Adelé Alága” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá náà wo ìwé yìí títí, ó sì béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé, “Ibo ni ẹ rán mi lọ tí ẹ fi wá ẹni tí yóò bá mi delé?” Akọ̀wé náà kò rí èsì fọ̀, nítorí ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, pé èyí tí ó bá ti wá sí ọkàn ẹni ni a lè lò.

Wọ́n yàtọ̀ gidigidi. Mo sì kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akọ̀wé ẹgbẹ́, oníròyìn, atúmọ̀ èdè, olùdarí ètò lóde ayẹyẹ, àti fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ mú un máa pe orúkọ oyè mọ́ ẹni tí ó wà ní ipò kan fún ìgbà díẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ bí i mẹ́fà tàbí méje fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ibi tí a ti ń lò ó. Adelé ni mo fẹ́ kí a dúró tì pẹ́ jù, nítorí òun ni a ń ṣì lò jù, òun náà ni ó sì jinlẹ̀ jù.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí a tú u. “Dè” ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá sọ pé “dúró dè mí” tàbí “bá mi wò ó dè mí”. Bí a bá fi “ilé” tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ orí “dè” yóò yí padà di ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di “delé”. Ẹni tí ó delé ni adelé: ẹni tí ó dúró sílé de onílé. Nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí, ohun mẹ́ta ni ó ti fara hàn. Ìkíní ni pé ilé kan wà. Ìkejì ni pé ilé náà ní ẹni tí ó ni ín. Ìkẹta ni pé ẹni tí ó ni ín kò sí nílé báyìí, ṣùgbọ́n a ń dúró dè é, tàbí pé a ń dúró de ẹni tuntun tí yóò wá ni ín.

Ẹ kíyè sí àmì ohùn. Ohùn àárín ni ó wà lórí “a” àti lórí “de”, “lé” nìkan ni ó ní ohùn òkè. Bí ẹ bá fi ohùn òkè sí orí “de”, ẹ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, nítorí “dé ilé” ni ó ń di “délé”, òun ni ó sì wà nínú Bámidélé, Ayọ̀délé àti Ọládélé. Ẹni tí ó dé ilé ti bọ̀ láti àjò. Ẹni tí ó delé kò lọ sí ibì kankan. Bákan náà ni Adélé tí ó jẹ́ orúkọ ènìyàn, irú èyí tí Ọba Adéníjì Adélé Kejì tí ó jọba ní Èkó láti ọdún 1949 títí di ọdún 1964 ń jẹ́, kò bá oyè adelé tan rárá. Mo ti rí ìwé ìròyìn tí ó kọ “Adélé Gómìnà” gàdàgbà sí ojú ewé kìíní. Ẹni tí ó bá mọ èdè yóò kọ́kọ́ rò pé orúkọ gómìnà tuntun ni.

Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù

Kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ààfin àti ilé ìjọba ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ lọ kó ọjà tàbí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, èmi ni wọ́n máa ń fi sílé. Wọn yóò ka iye aṣọ tí ó wà lórí pákó, wọn yóò sọ iye tí a ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tí mo lè dín owó rẹ̀ dé, wọn yóò sì kó kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà á wọlé, á béèrè ìyá mi. Èsì mi ni pé, “Wọn kò sí nílé mà, èmi ni mo ń bá wọn delé.” Bí obìnrin náà bá ná ankárá tí ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ iye tí wọ́n dá fún mi, mo máa ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí wọ́n ní kí n tà á dé nìyí. Bí wọ́n bá dé, ẹ lè bá wọn sọ ọ́.” Mo lè tà, mo lè gba owó, mo lè já ìwé owó fún oníbàárà. N kò lè ta ọjà láwìn. N kò lè pààrọ̀ ibi tí wọ́n to aṣọ sí. Nígbà tí wọ́n bá sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sọ pé “Ẹ kú ilé o”, iṣẹ́ mi parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ mí nípò.

Gbogbo ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa lílo adelé ti wà nínú ìyẹn. Agbára adelé kì í ṣe àdàmọ̀dì. Ẹni tí ó bá ra aṣọ lọ́wọ́ mi ti rà á, ìyá mi kò lè dé kí wọ́n ní ọjà náà kò tà. Ṣùgbọ́n agbára náà ní ààlà, ó sì ní ìgbà tí yóò dópin. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní adelé, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá onípò wà lórí ipò. Bí ó bá wà, kò sí adelé; igbákejì ni ẹ ń wá. Ẹ wádìí bóyá gbogbo ipò náà ni ẹni yìí dì mú tàbí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, aṣojú ni. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá a ṣì ń retí ẹni tí yóò wá ni ipò náà. Bí a kò bá retí ẹnì kankan mọ́, ẹni tí ẹ ń wò kì í ṣe adelé mọ́, òun ni ó ni ín.

Adelé nínú ààfin

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù lọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ààfin. Bí ọba bá wàjà, ìlú kò gbọdọ̀ wà láìsí ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́, tí yóò máa gba àlejò, tí àwọn ìjòyè yóò máa kó ara wọn jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, títí tí àwọn afọbajẹ yóò fi yan ọba tuntun. Ní Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run tí ó jẹ́ olórí Ọ̀yọ́ Mèsì ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká. Nígbà tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Baṣọ̀run ni ó delé, ọ̀rọ̀ oyè náà sì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọdún 2025 kí Ọba Akeem Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé tó gorí ìtẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Èkìtì, àti ní Àkúrẹ́, ọmọ ọba tí ó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Àlàyé tí àwọn àgbà máa ń ṣe ni pé bí ẹ bá fi ọmọkùnrin ọba síbẹ̀, adùn ipò lè mú un sọ pé òun kò kúrò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kò sí lára àwọn tí ń du oyè náà, kò sì ní ìdí tí yóò fi di àpèrè mú nígbà tí ọba tuntun bá dé. Mo ka àlàyé yìí sí pàtàkì nítorí pé ó fi hàn pé àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò: ẹni tí yóò dúró de ẹlòmíràn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó. Síbẹ̀, wọn kì í fi ipò náà ṣeré. Adelé obìnrin á wọ agbádá, á dé fìlà bí ọkùnrin, àwọn ará ìlú á sì máa kí i ní “Kábíyèsí”. Báyìí ni Ọmọba Adétutù Adéṣidà ṣe delé ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀, Déjì Adébíyì Adéṣidà, wàjà ní ọdún 2013, títí tí Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì fi gorí àpèrè ní ọdún 2015.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń kọ ìròyìn. “Adelé Ọba” tàbí “Adelé Déjì” ni a ń kọ, a kò gbọdọ̀ kọ “Ọba” nìkan sí iwájú orúkọ adelé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “Kábíyèsí” ni a fi ń kí i lójúkojú. Kíkí ni ọ̀wọ̀ tí a ń fún ìtẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Oyè tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ìtẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe pe obìnrin bẹ́ẹ̀ ní “Olorì”, nítorí ìyàwó ọba ni Olorì, ọ̀rọ̀ burúkú ni yóò sì jẹ́ sí etí àwọn ará ìlú náà.

Adelé nílé ìjọba

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Saudi Arabia fún ìtọ́jú. Kò kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin láti fa ìjọba lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Goodluck Jonathan jẹ́ igbákejì ààrẹ ní gbogbo àsìkò yìí, ṣùgbọ́n igbákejì náà ni ó ṣì ń jẹ́; ilé wà, onílé kò sí, kò sì sí adelé. Ọjọ́ 78 ni ó gbà kí ilé aṣòfin tó fẹnu kò ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2010 pé kí ó di adelé ààrẹ. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, Yar'Adua jáde láyé, wọ́n sì búra fún Jonathan ní ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ààrẹ, kì í ṣe adelé mọ́. Ọkùnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n oyè mẹ́ta ni ó jẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, oníròyìn tí ó bá sì ń fi ọ̀kan pe èkejì ti yí ìtàn padà fún ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ọ̀la.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ ṣe. Abala 145 fún ààrẹ, àti abala 190 fún gómìnà, sọ pé bí olórí bá kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé òun ń lọ fún ìsinmi tàbí pé òun kò lè ṣe iṣẹ́ òun, igbákejì yóò di adelé títí tí olórí yóò fi kọ̀wé mìíràn pé òun ti padà. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí olórí kò lè kọ̀wé náà, ilé aṣòfin yóò fi ohùn tí ó pọ̀ jù sọ igbákejì di adelé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè fa àríyànjiyàn. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari tún ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, lẹ́tà rẹ̀ sọ pé igbákejì òun, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ni yóò máa ṣe kòkáárí iṣẹ́ ìjọba nígbà tí òun kò bá sí. Àwọn kan nínú ilé aṣòfin àgbà béèrè ohun tí kòkáárí ń ṣe níbẹ̀, nítorí ẹni tí ń ṣe kòkáárí lè jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lásán, ṣùgbọ́n adelé ní agbára onílé. Ohun tí ilé náà dúró lé ni pé lẹ́tà náà dárúkọ abala 145, òfin sì ti sọ pé adelé ni. Atúmọ̀ èdè tí ó bá pàdé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà, kí ó kọ kòkáárí níbi tí lẹ́tà ti sọ kòkáárí, nítorí ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni ti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lucky Ayédatiwa di adelé gómìnà ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2023 nítorí àìlera Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ó sì delé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà ni Akérédolú kú ní Jámánì, ọjọ́ náà ni wọ́n sì búra fún Ayédatiwa. Ìròyìn tí ó bá jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, adelé gómìnà ni yóò pè é. Èyí tí ó bá jáde ní ọjọ́ 28, gómìnà ni. Bí a bá sì ń kọ ìtàn náà lónìí, a ó kọ pé “Ayédatiwa, tí ó jẹ́ adelé gómìnà nígbà náà”.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, adelé gíwá ni wọ́n ń pe ẹni tí ó di ipò gíwá mú kí wọ́n tó yan ẹni gidi, òfin sì ti sọ pé kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, oṣù mẹ́ta ni òfin fún adelé adájọ́ àgbà kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìgbà tí a dá yìí jẹ́ ara ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó delé tí a kò sọ ìgbà tí onílé yóò dé fún, wàhálà ni a ń kó bá a.

Fìdíhẹ

Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára bí a bá mọ ìgbà tí a ń lò ó. Ẹni tí ó fi ìdí hẹ àga, etí àga ni ó wà; kò tíì fara balẹ̀ jókòó, bí wọ́n bá sì sọ pé kí ó dìde, á dìde wéré. A ń lo fìdíhẹ láti ṣàpèjúwe ìjọba, ìgbìmọ̀ tàbí alága tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti adelé ni pé adelé ń tọ́ka sí onílé tí a ń dúró dè, nígbà tí fìdíhẹ kò sọ nǹkan kan nípa onílé; bí ẹni náà ṣe jókòó nìkan ni ó ń sọ.

Ìdí nìyí tí “ìjọba fìdíhẹ” fi jẹ́ orúkọ tí ó tọ́ fún ìjọba tí Ernest Ṣónẹ́kàn darí láti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1993 títí di ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn ológun ti fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Mọ́ṣúùdù Abíọ́lá tí àwọn ènìyàn dìbò fún kò sì rí ààyè wọlé. Bí a bá pe Ṣónẹ́kàn ní adelé, a ó ti sọ pé ẹni tí ó ni ilé fi í sílé, tàbí pé ìlú fohùn ṣọ̀kan pé kí ó dúró de ẹni tí ó ń bọ̀. Kò sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó sì dájọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún náà pé ìjọba yẹn kò bófin mu. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi fìdíhẹ túmọ̀ orúkọ ìjọba náà ṣe iṣẹ́ ńlá, mo sì ń yìn wọ́n.

Bákan náà ni ti àwọn alága káńsù tí gómìnà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn sípò ẹni tí ó yẹ kí àwọn ará ìlú dìbò yàn. “Alága fìdíhẹ” ni a ń pè wọ́n. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé gómìnà kò ní agbára láti tú ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn ká kí ó sì fi irú wọn rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní “fìdíhẹẹ́”, àwọn mìíràn ń fi àmì ìsopọ̀ sí i láàárín. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé òpin.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù

Igbákejì wà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Kò dúró de ẹnì kankan, ipò tirẹ̀ ni ó wà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ láìdelé fún ọjọ́ kan.

Aṣojú ni ẹni tí a rán lọ sí òde kan tàbí fún ọ̀rọ̀ kan. Ojú ẹni tí ó rán an ni ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an ni yóò sì sọ. Bí kọmíṣọ́nnà bá rán akọ̀wé àgbà wá sí ibi ìfilọ́lẹ̀, olùdarí ètò yóò sọ pé, “Akọ̀wé àgbà ni ó ṣojú fún kọmíṣọ́nnà láàárín wa.” Kò gbọdọ̀ pè é ní adelé kọmíṣọ́nnà, nítorí kọmíṣọ́nnà wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo sì bẹ àwọn olùdarí ètò pé kí wọ́n má ṣe pa òwe “Bí a kò bá rí àdàn, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ” sí etí ẹni tí ó wá ṣojú fún ẹlòmíràn. Mo ti gbọ́ ọ lóde rí, mo sì rí bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà. Òwe náà dára fún ohun èlò, ó dára fún ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún àlejò pé òòbẹ̀ ni.

Arọ́pò gba ipò, kò sì ní dá a padà. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ní arọ́pò. Ẹni tí ó lọ fún ìsinmi ní adelé. Nínú bọ́ọ̀lù, a máa ń sọ pé wọ́n fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kejì tàbí pé wọ́n fi í pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá yọ nínú ìdíje ńlá kò tún lè padà wọlé lọ́jọ́ náà. Àwọn onígírámà náà lo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nígbà tí wọ́n pe “mo”, “o” àti “ó” ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, nítorí tí wọ́n bá ti dúró níbẹ̀, orúkọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àrólé ni ẹni tí ó jogún ilé. Ọ̀rọ̀ yìí àti adelé jọ ń sọ nípa ilé, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń kì wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n àrólé ni ọmọ tí kò jẹ́ kí ilé bàbá rẹ̀ parun, ilé náà sì ti di tirẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe adelé rárá. Ẹni tí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn fi sí ìlú onílùú láti máa ṣọ́ ọ, láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ni ajẹ́lẹ̀. Onílé wà nílé, ajẹ́lẹ̀ sì wá jókòó lé e lórí. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ ní ọdún 1877. Ẹ má ṣe fi orúkọ yìí pe adelé ọ̀gá yín, bó ti wù kí ìwà rẹ̀ le tó, àfi tí ẹ bá fẹ́ bá a jà.

Alábòójútó ni ẹni tí ìjọba yàn láti darí ibi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Irú rẹ̀ ni Dókítà Moses Adékọ́yẹ̀jọ Májẹ̀kódùnmí, tí ìjọba àpapọ̀ fi darí Ìwọ̀-Oòrùn láti ìparí oṣù karùn-ún títí di òpin ọdún 1962 nígbà tí wọ́n kéde pàjáwìrì níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ohun èlò

Ènìyàn nìkan ni adelé. Táyà tí a gbé sínú bọ́ọ̀tù kì í delé fún táyà tí ó jò, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe adelé iná. Fún ohun èlò, ẹ sọ pé a fi ọ̀kan dípò èkejì, tàbí kí ẹ fi “onígbà díẹ̀” ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò, ó ti mọ́ wa lára láti gbọ́ “káàdì ìdìbò alálòpẹ́”. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ènìyàn tẹ́lẹ̀, tí ó máa ń dá padà nígbà tí alálòpẹ́ bá dé, ni káàdì onígbà díẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú gbólóhùn

Adelé ni ó ń ṣáájú oyè: adelé alága, adelé akọ̀wé, adelé ọ̀gá ọlọ́pàá. “Alága adelé” kò dùn mọ́ èdè lẹ́nu. Fìdíhẹ ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé oyè: alága fìdíhẹ, ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ kọ pé “Ó delé de alága fún oṣù méjì”, tàbí “Òun ni ó ń bá alága delé”. Méjèèjì ni ó dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn èkejì nínú lẹ́tà sí àgbà, nítorí “bá” tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ẹni náà ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

Nínú lẹ́tà, adelé ń buwọ́ lùwé ní orúkọ ara rẹ̀, á sì kọ oyè rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní kíkún: “Adelé Akọ̀wé”. Kò gbọdọ̀ fi orúkọ akọ̀wé tí kò sí nílé buwọ́ lùwé, kò sì gbọdọ̀ kọ “Akọ̀wé” lásán. Ẹni tí ó bá ń buwọ́ lùwé fún ọ̀gá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, “Fún Akọ̀wé” ni yóò kọ, nítorí iṣẹ́ aṣojú ni ó ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí onílé bá dé, adelé fi ilé sílẹ̀, oyè náà sì bọ́ lára rẹ̀. A máa ń sọ “gómìnà àná” fún ẹni tí sáà rẹ̀ ti parí, nítorí ó ti ni ipò náà rí. A kì í sọ “adelé àná” fún ẹni tí ó ti padà sí ipò tirẹ̀. Ẹ kọ oyè tí ó ń jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣe pàtàkì sí ohun tí ẹ ń sọ, ẹ fi kún un pé “tí ó delé láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ”, pẹ̀lú ọdún rẹ̀.